Kò sí púrótéènì tí ò lè di mẹ́táálì mú, èwo ló máa dì mú gan-an lọ̀rọ̀ wà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ wá láti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán láàárọ̀ yìí, ẹ sì kú oòrùn Ìlọrin. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, mo rí yín o, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ṣètò ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí à ń ṣe ní láàbù, kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí n sì tẹ̀ ẹ́ síta lẹ́yìn náà fún àwọn tí ò ráyè wá sí Tánkẹ̀, torí náà bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yìí, mo kàn yọ ibi tí wọ́n ti ń bá máìkì jà kúrò ni.

Ẹni tó bá ka báyọ́lọ́jì dé WAEC nínú yín á rántí biuret test. Ẹ da funfun ẹyin tẹ́ ẹ ti pò mómi sínú test tube, ẹ fi sodium hydroxide sí i, ẹ wá kán copper sulphate sí i díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ búlúù yẹn á yí padà di elésè àlùkò, tíṣà á ní "púrótéènì wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀", ó tán. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún yín ni pé bàbà tó wà nínú copper sulphate yẹn ló pa àwọ̀ dà. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni púrótéènì, náítírójìn sì wà káàkiri ẹ̀yìn ẹ̀wọ̀n yẹn, àwọn ni wọ́n rọ̀gbà yí bàbà ká tí wọ́n dì í mú. Ẹyin ń ṣe é, ẹ̀wà ń ṣe é, wàrà tí wọ́n ń tà ní Ìpàta náà á ṣe é. Wàrà ò tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ gbé òun dé láàbù kóun tó di mẹ́táálì mú, kálísíọ̀mù ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, púrótéènì inú mílíìkì ló gbé e dání láti ọmú màlúù wá, kí ìyá oníwàrà tó fi omi bọ̀mùbọ̀mù mú un dì.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má wá bá mi yọ̀ pé púrótéènì táwọn fọwọ́ ara wọn ṣe ti di mẹ́táálì mú. Kí ni tuntun níbẹ̀? Ìdọ̀tí náà ń di mẹ́táálì mú. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé èwo ló dì mú, báwo ló ṣe le tó, tí èyí tó jọ ọ́ bá sì wá kànkùn ṣé ó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi tòní dá lé.

Àgbàlagbà kan ní irin bíi gíráàmù 3 sí 4 lára, síǹkì bíi gíráàmù 2. Kékeré ni lójú, àmọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ wo nǹkan. Ẹ wo carbonic anhydrase, púrótéènì kan tó kún inú ẹ̀jẹ̀ wa, òun ló ń yí carbon dioxide tí ara ń tú jáde padà kí ẹ̀jẹ̀ lè rí i gbé dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yẹn tó ìgbà mílíọ̀nù kan kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Keilin àti Mann ní Cambridge ló fi hàn ní 1940 pé síǹkì ló wà nínú ẹ̀. Síǹkì yẹn jókòó sórí hísítídíìnì mẹ́ta, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń to ẹ̀wọ̀n púrótéènì, bí ìkòkò ṣe ń jókòó sórí ààrò, ọwọ́ kẹrin tó ṣẹ́ kù ló fi gbá omi mú, omi yẹn ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́.

Amínò ásíìdì 20 ni ara wa fi ń to púrótéènì, àwọn tó mọ mẹ́táálì í dì mú dáadáa nínú wọn ò pọ̀. Sísítíìnì wà, imí ọjọ́ ló wà lórí tiẹ̀. Hísítídíìnì, náítírójìn. Aspartate àti glutamate, ọ́síjìn. Imí ọjọ́ fẹ́ràn àwọn mẹ́táálì tí à ń pè ní rírọ̀, mákúrì àti kádímíọ̀mù, òjé náà sún mọ́ wọn. Ọ́síjìn fẹ́ràn kálísíọ̀mù àti magnesium. Síǹkì àti bàbà wà láàárín, wọ́n lè bá gbogbo wọn jẹun. Onímọ̀ kẹ́místírì kan tó ń jẹ́ Pearson ló to ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ báyìí ní 1963, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún wa títí dòní.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ púrótéènì kékeré là ń ṣe? Carbonic anhydrase yẹn gùn tó amínò ásíìdì bíi 260. Tẹ́ ẹ bá yí ẹyọ kan padà nínú ẹ̀ tí bó ṣe ń di síǹkì mú sì yàtọ̀, ta ló máa fi dá yín lójú pé ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn ló fà á, kì í ṣe pé ibòmíì ló yẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀? Làwọn èèyàn bá ní ẹ jẹ́ ká ṣe kékeré tiwa, ká mọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ torí àwa la kó o síbẹ̀. Amínò ásíìdì 26, 28, 36, ó parí. Ẹ̀rọ lè máa so wọn mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n tí Merrifield gbé jáde ní 1963 tó sì fi gba Nobel ní 1984.

Ẹ̀dá ti fún wa ní àpẹẹrẹ. Ní 1985 Aaron Klug àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo púrótéènì kan láti inú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Xenopus, wọ́n rí i pé ó pín sí abala abala, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó bíi 30, sísítíìnì méjì àti hísítídíìnì méjì wà nínú abala kọ̀ọ̀kan, síǹkì kan wà láàárín wọn. Zinc finger ni wọ́n ń pè é. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé ó kúrú débi pé kò lè dá ká ara ẹ̀ jọ. Ẹ yọ síǹkì, ó tú palẹ̀. Ẹ dá síǹkì padà, ó ká. Ní 1991 Jeremy Berg àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ kó àwọn zinc finger tí ayé mọ̀ nígbà yẹn jọ, wọ́n wo amínò ásíìdì tó wọ́pọ̀ jù ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi to ọ̀kan tí ò sí lára ẹranko kankan, ó sì di síǹkì mú gírígírí. Nígbà tó di 1997 Dahiyat àti Mayo ní Caltech jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yan amínò ásíìdì 28 tó máa ká bíi zinc finger láìsí síǹkì rárá, ó sì ká lóòótọ́. Àwọn èèyàn máa ń fi ìyẹn yangàn fún kọ̀ǹpútà. Èmi ní tèmi, ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí síǹkì ń ṣe: àwọn amínò ásíìdì tó kórìíra omi ló máa ń sá wọnú tí wọ́n fi ń mú púrótéènì ńlá dúró, èyí tó kéré ò ní wọn tó, síǹkì ló ń dí àlàfo yẹn.

Ó dáa, báwo la ṣe ń mọ̀ pé mẹ́táálì ti wọlé? Síǹkì ò láwọ̀. Ẹ dà á sómi, ẹ ò rí nǹkan kan, ó wọnú púrótéènì, ẹ ò rí nǹkan kan. Kóbáàtì, mẹ́táálì míì, la máa ń kọ́kọ́ rán wọlé. Òun àti síǹkì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, ibi tí síǹkì bá lè jókòó òun náà á jókòó síbẹ̀, àmọ́ àwọ̀ tiẹ̀ ń tú àṣírí ẹ̀. Tó bá wà nínú omi lásán, omi mẹ́fà ló yí i ká, pínńkì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni. Tó bá wọnú àpò zinc finger, ọwọ́ mẹ́rin péré ló dì í mú, ó di búlúù tó fẹ́ jọ gíríìnì, àwọ̀ yẹn sì lágbára ju pínńkì ìṣáájú lọ fíìfíì.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ bu omi púrótéènì bíi mílílítà kan sínú cuvette, ìgò kékeré tó mọ́ gaara, ẹ gbé e sínú spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wo bí nǹkan ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mu, ẹ kà á láti ìmọ́lẹ̀ 500 dé 800 nanometer, ìlà gbalaja lẹ máa rí. Ẹ fi pipette kán kóbáàtì microlitre díẹ̀ sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ ní sùúrù, ẹ tún kà á. Òkè kékeré kan á yọrí láàárín 600 sí 700. Ẹ tún kán, òkè yẹn tún ga sí i. Ó máa dé ibì kan tẹ́ ẹ̀ẹ́ máa kán kóbáàtì tí òkè ò ní ga mọ́, àpò ti kún nìyẹn, tí iye kóbáàtì tẹ́ ẹ ti kán dé ibẹ̀ bá bá iye púrótéènì inú cuvette dọ́gba, a jẹ́ pé ẹyọ kan ń di ẹyọ kan mú. Ibẹ̀ lẹ máa wá mú síǹkì. Ẹ kán síǹkì sínú búlúù yẹn, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń sáré pè mí, "sà, ó ti ń ṣá o, ó ti bàjẹ́", kò bàjẹ́ jàre, síǹkì ló ń lé kóbáàtì jáde, ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn. Iye síǹkì tó gbà ká tó lé e tán la fi ń ṣírò bí síǹkì ṣe lágbára tó níbẹ̀, ó sì máa ń ju ti kóbáàtì lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Kí ló fà á? Ó rọ kóbáàtì lọ́rùn láàárín omi mẹ́fà yẹn, tó bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ wá sínú àpò ọlọ́wọ́ mẹ́rin ó pàdánù nǹkan. Síǹkì ò ní nǹkan kan tó ń pàdánù, ibi gbogbo lọ́rọ̀ tiẹ̀ ń gbà.

Tí iṣẹ́ yìí bá máa bàjẹ́, ibi tẹ́ ẹ ò fojú sí ló ti máa ń bàjẹ́. Sísítíìnì méjì tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí, imí ọjọ́ wọn á so mọ́ra, ọwọ́ tó fẹ́ fi di mẹ́táálì mú ti lọ nìyẹn, ooru ìgbà March l'Ílọrin ò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní TCEP la fi ń dá a dúró. Àwọn kan á lo DTT torí òun ló wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n imí ọjọ́ méjì wà lára DTT fúnra ẹ̀, síǹkì yín á gbà ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ́ máa rò pé púrótéènì yín ló ya ọ̀lẹ. Tẹ́ ẹ bá ń wá buffer, ìyẹn omi tó ń mú pH dúró sójú kan, ẹ má lo phosphate buffer, òun àti síǹkì á di nǹkan funfun sísàlẹ̀ ìgò. HEPES ló dáa. Rọ́bà tí wọ́n fi ń dé ìgò náà, wọ́n máa ń fi zinc oxide ṣe rọ́bà, ẹ sá fún un. Omi bóhóòlù kẹ̀? Ẹ má dá a láṣà. Kẹ́ ẹ sì wo pH, tó bá lọ sísàlẹ̀ 6, háídírójìn á ti gba ìjókòó lórí hísítídíìnì. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ fi Ellman's reagent yẹ púrótéènì yín wò, ó máa di yẹ́lò, ẹ kà á ní 412 nanometer, ẹ̀ẹ́ mọ iye sísítíìnì tó ṣì dá wà. Mo rí Àlájì tó ń yán níwájú yẹn, ẹ má bínú sà, a ti kúrò níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ti Vincent Pecoraro àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Michigan. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú mẹ́ta ló wé mọ́ra wọn, leucine, amínò ásíìdì kan tó kórìíra omi, ló kún inú wọn. Ẹ yọ leucine kan ní ipò 16, ẹ fi sísítíìnì dípò, torí ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ni, sísítíìnì mẹ́ta á kojú síra wọn láàárín. Mákúrì á wọlé, òjé á wọlé, kádímíọ̀mù náà á wọlé. Ti kádímíọ̀mù yìí lẹ máa gbọ́. Nígbà tí wọ́n wò ó, ó pín sí ọ̀nà méjì, àwọn kan di imí ọjọ́ mẹ́ta mú lásán, àwọn kan fi omi kan ṣe ìkẹrin. Ni wọ́n bá lọ sí ipò 12, tó wà lórí ibẹ̀, wọ́n yọ leucine tó tóbi, wọ́n fi alanine tó kéré síbẹ̀. Àyè ṣí, omi rí ọ̀nà wọlé, gbogbo kádímíọ̀mù di ọlọ́wọ́ mẹ́rin pátá. Ẹ wò ó o, wọn ò fọwọ́ kan ibi tó jókòó sí, aládùúgbò ẹ̀ ni wọ́n lé lọ. Nínú púrótéènì ńlá, ta ni ì bá rí irú ìyẹn? Ní 2012 wọ́n tún ṣe òmíràn tí mákúrì mú un dúró ní apá kan, tí hísítídíìnì mẹ́ta di síǹkì mú ní apá kejì, ó sì ń ṣe iṣẹ́ carbonic anhydrase. Ti ara wa fi bí ìgbà 500 yára jù ú lọ, àmọ́ fún ẹ̀wọ̀n kúkúrú tí èèyàn fọwọ́ ṣe, mo gba fìlà fún wọn.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bàbà ń bọ̀. Irving àti Williams ti sọ ọ́ láti 1948 pé tí àwọn mẹ́táálì yìí bá jọ du àpò kan náà, manganese ló máa ń kẹ́yìn, irin á jù ú, kóbáàtì, níkẹ́ẹ̀lì, títí á fi kan bàbà, bàbà á sì borí gbogbo wọn, síǹkì pàápàá. Àpò tẹ́ ẹ fi ọgbọ́n ṣe fún síǹkì, ẹ da bàbà sí i kẹ́ ẹ wò ó. Báwo wá ni ara wa ṣe ń ṣe é tí bàbà ò fi gba gbogbo ilé? Wọ́n rí èsì kan ní Newcastle ní 2008 lára kòkòrò àìfojúrí inú omi kan tó ń jẹ́ Synechocystis. Púrótéènì méjì, wọ́n ká bákan náà, àpò wọn jọra, ọ̀kan ń lo manganese, èkejì ń lo bàbà. Èyí tó ń lo manganese yẹn, tẹ́ ẹ bá fi òun àti bàbà sínú test tube, bàbà ló máa mú. Ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún nínú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń ká, níbi tí wọn ò ti jẹ́ kí bàbà rìn kiri lófo, ìgbà tó bá ká tán tó sì ti pa manganese mọ́nú ni wọ́n tó tì í síta. Ibi tó ti ká ló yàn fún un. Àwa tí à ń ya àpò lórí kọ̀ǹpútà nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ là ń bá yí.

Ẹ jẹ́ á darí wálé. Púrótéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní ALAD, ó wà lára àwọn tó ń ṣe ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Síǹkì ló ń lò, àmọ́ sísítíìnì mẹ́ta ló fi dì í mú, kò fi hísítídíìnì kankan sí i. Imí ọjọ́ mẹ́ta gedegbe, ìjókòó tí òjé ń wá kiri nìyẹn. Òjé wọlé, síǹkì jáde, òjé ò sì mọ iṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Àwọn tó fi òjé sínú zinc finger kékeré náà rí i pé kódà níbi tí imí ọjọ́ mẹ́rin bá wà, mẹ́ta ló máa ń mú, ẹ̀wọ̀n yẹn ò sì ní ká bó ṣe yẹ kó ká. Ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù nínú agboolé, ó ju 400 ọmọdé lọ tí òjé pa. Ẹ má sì sọ pé Zamfara jìnnà. Tìróò tí à ń lé fún ọmọ tuntun ńkọ́? Púpọ̀ nínú ẹ̀ galena ni, òkúta tó jẹ́ òjé àti imí ọjọ́, wọ́n kàn lọ̀ ọ́ kúnná ni. Ní 2011 wọ́n rí òjé lẹ́jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston, tìróò tó wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, wọ́n yẹ tìróò yẹn wò, 82.6% ẹ̀ òjé ni.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ kan láti Màlété ló kọ́kọ́ dìde, ó ní ṣé AI ò ti parí iṣẹ́ yìí ni, kí ló tún kù fún wa. Mo ní lóòótọ́ nǹkan ti yí padà, David Baker àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe Top7 ní 2003, amínò ásíìdì 93 tó ká sí ìrísí tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, Baker, Hassabis àti Jumper sì jọ pín Nobel ní 2024. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ yẹn ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, data nìkan ló máa ná yín. Àmọ́ bí ẹ̀wọ̀n á ṣe ká ló mọ̀ ọ́n sọ jù, kó sọ fún yín pé bàbà ò ní wá lé síǹkì jáde, mi ò tíì gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹ̀, inú cuvette lẹ ti máa mọ̀. Ó ní ṣé a lè ṣe é níbí. Mo ní spectrophotometer yín ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ra Gly-Gly-His, amínò ásíìdì mẹ́ta péré, kò ní sísítíìnì, afẹ́fẹ́ ò lè bà á jẹ́. Ẹ fi bàbà sí i ní pH 7, ó máa pọ́n bí elésè àlùkò ní bíi 525 nanometer, ẹ fi níkẹ́ẹ̀lì sí òmíràn, ó di yẹ́lò. Albumin inú ẹ̀jẹ̀ wa náà, hísítídíìnì ló wà ní ipò kẹta, ibẹ̀ ló ti ń di bàbà mú.

Ìyá àgbà kan wá dìde lápá ọ̀tún. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó yé wa yé wa, èyí tí ò yé wa náà a gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe nǹkan tó ń di òjé mú, kí ló dé tẹ́ ẹ ò ṣe èyí tá a máa rò fún ọmọ mu kó bá a kó o jáde?" Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo ní ìyá, ikùn á lọ púrótéènì yẹn bó ṣe ń lọ ẹran, kò ní dé ibi tí òjé wà. Oògùn kan wà ní ọsibítù tí wọ́n ń pè ní DMSA, kì í ṣe púrótéènì, imí ọjọ́ méjì ló wà lára ẹ̀, ẹnu ni wọ́n ń gbà lò ó, òun ni wọ́n lò fún àwọn ọmọ Zamfara. EDTA náà wà, àmọ́ ọ̀kánjúwà lòun, èyí tí wọ́n fi sodium ṣe lè fa kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ jáde títí ọkàn á fi dáṣẹ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ti kó kálísíọ̀mù sí i lọ́wọ́ kí wọ́n tó fún ọmọ, kó lè jẹ́ òjé ló máa gba ààyè kálísíọ̀mù yẹn. Dókítà ló sì ń fún èèyàn ní méjèèjì o, kì í ṣe èmi.

Ìyá tún ní, "Tìróò inú ilé mi ńkọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òjé wà nínú ẹ̀?" Mo ní kí wọ́n gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má sì lé e fún ọmọ kankan títí dìgbà yẹn, torí galena lílọ̀ àti èédú lílọ̀, dúdú ni méjèèjì.